Bàtà Inú Kẹ̀kẹ́ Màmá Obdulia

Ó ti rẹ Eusebio Barragán. Kì í ṣe àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn kúrò lára, àárẹ̀ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Láti ìgbà náà ló ti ń fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ yí ìlú Fresno ní Amẹ́ríkà ká, tó ń wá kẹ̀kẹ́ ìrajà tí àwọn oníbàárà ilé ìtajà oúnjẹ kan tì lọ sílé tí wọn ò dá padà. Á bá òmíràn nínú kòtò omi, á bá òmíràn nídìí igi ọsàn, á gbé wọn sẹ́yìn ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ò sì fẹ́ gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu mọ́.

Òfin ìlú náà le. Kẹ̀kẹ́ tí orúkọ ilé ìtajà bá wà lára rẹ̀, ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ máníjà kò gbọdọ̀ mú un jáde. Eusebio gan-an ò gbọdọ̀ wakọ̀ láìsí ìwé tirẹ̀. Bí ìjọba bá rí kẹ̀kẹ́ kan níta, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń fún ilé ìtajà láti gbé e, lẹ́yìn ìyẹn, owó ìtanràn. Ẹni tó kọ òfin yìí ò fẹsẹ̀ rìn lọ ra ẹ̀wà lọ́jọ́ ogbó rí. Àmọ́ àwọn tó ń kó kẹ̀kẹ́ náà ní òfin tiwọn tí kò sí nínú ìwé: bí ẹrù bá wà nínú kẹ̀kẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Màmá Obdulia Zamarripa mọ òfin kejì yìí dáadáa. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni, òun nìkan ló ń gbélé, kẹ̀kẹ́ kan ló sì ń dì mú kó tó lè rìn dé ilé ìtajà àti ṣọ́ọ̀ṣì. Láìsí kẹ̀kẹ́ náà, ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ni ìrìn àjò pin sí. Nítorí náà, bàtà iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ tó ti kú kì í kúrò nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni Eusebio ti ń wo bàtà yẹn, tó ń kí màmá, tó sì ń kọjá lọ.

Ní ọjọ́ Tuesday kan, máníjà, Darlene Pruitt, pè é. Ìjọba ti ya fọ́tò kẹ̀kẹ́ kan níwájú ilé màmá, ọjọ́ mẹ́ta náà sì pé lónìí. Ó ní bí kẹ̀kẹ́ náà ò bá wọlé kí agogo méjìlá ọ̀sán tó lù, kí Eusebio má wulẹ̀ wá lọ́la. Ó tún na ìwé àṣẹ tuntun sí i. Ọdún méjì ni Eusebio ti ń bẹ̀bẹ̀ fún amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, Darlene sì ti gbà wàyí: àyè orúkọ ẹnì kan péré wà nísàlẹ̀ ìwé, kó kọ ẹni tó bá wù ú. Ọkùnrin alágbára kan ládùúgbò rẹ̀ ti ní òun á wá.

Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ni, ọ̀sẹ̀ tí màmá máa ń fọ gbogbo ohun tó wà nílé kí Àjíǹde tó dé. Ó ti fọ kọ́tìnì, ó ti fọ àga, ó wá kan kẹ̀kẹ́. Bàtà wà lórí àtẹ̀gùn, ó ń gbẹ nínú oòrùn. Kẹ̀kẹ́ ṣófo nígbà tí Eusebio dé, màmá sì dì í mú lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọ̀ ọ́.

Màmá wo Eusebio, ó wo bàtà. Àtẹ̀gùn jìn sí ọwọ́ rẹ̀.

"Ọjọ́ gbogbo ni tolè, Chebo," ó ní, orúkọ tó máa ń pe Eusebio nìyẹn. "Òní ni tolóhun."

"Ẹ má bínú, Màmá. Ìjọba ló ya fọ́tò rẹ̀."

"Ṣé wọ́n yà mí mọ́ ọn?"

"Rárá, kẹ̀kẹ́ nìkan ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mi ò yarun lọ́jọ́ yẹn."

Ó ní kó dúró, òun ò lè dá ohun olóhun padà ní tútù. Ó fi aṣọ nù ún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó parí, kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Kó o tó gbé e lọ," ó ní, "bá mi gbé àga wá síbí. Mi ò lè rìn padà débẹ̀."

Inú bí Eusebio sí òfin, ó bí i sí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, ó bí i sí ara rẹ̀. Ó padà sínú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ló mú bírò, ó kọ orúkọ màmá sísàlẹ̀ ìwé àṣẹ tuntun náà, ó sì gbé e wá fún màmá.

"Ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ ti di òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ ó máa ti kẹ̀kẹ́ padà sí ilé ìtajà."

"Bí mo bá tì í débẹ̀ tán ńkọ́?"

"Ẹ ó mú òmíràn, ẹ ó fi wá àwọn tó sọnù ládùúgbò yín. Ṣé ilé yín kọ́ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Màmá rẹ́rìn-ín, ó tẹ ojú mọ́ ìwé náà, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀.

"Àyè ẹnì kan ló wà níbí, Chebo. Ta ni yóò máa bá ọ gbé tìrẹ?"

Eusebio ní kí wọ́n máa lọ, agogo ò dúró de ẹnikẹ́ni. Màmá fúnra rẹ̀ ló ti kẹ̀kẹ́ náà wọlé, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí agogo méjìlá lù. Darlene wo ìwé, ó wo màmá, ó sì dá ìwé náà padà fún un.

Eusebio fóònù ọkùnrin alágbára náà pé kó má wulẹ̀ wá mọ́. Lẹ́yìn náà ló wakọ̀ lọ sí kòtò omi ẹ̀yìn ilé ìwé, níbi tí kẹ̀kẹ́ mẹ́fà wà nínú ẹrẹ̀. Ó di orúnkún rẹ̀ mú, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé èkíní.