Òòlù Dùùrù Méjìdínláàádọ́rùn-ún

Ní àwọn ọdún Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tó sọ ọjà òkèèrè di ọ̀wọ́n, nígbà tí àwọn ológun ń pàṣẹ, èmi ni ọ̀gá àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ kan tí a ti ń hun kúbùsù ní Ìkẹjà, lọ́nà Àgídìngbì. Ohun èlò ẹ̀rọ kò wọlé láti òkè òkun mọ́. Bí a kò bá sì rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: ohun tí ẹ̀rọ bá ń fẹ́, èmi ni mò ń gbẹ́ ẹ, tí yóò sì bá ojú ihò rẹ̀ mu rẹ́gí. N kò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ purọ́. Òkìkí mi kàn dé Dópẹmu.

Òkìkí náà ló mú olùkọ́ kan wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Yunifásítì kékeré kan tí ìjọba dá sílẹ̀ sáàárín oko ló ti wá. Bí o bá dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà ní Èkó, wọn á ní, "Ibo nìyẹn?" Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ orin mọ̀ ọ́n, nítorí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin rẹ̀ kò láfiwé. Ọkùnrin náà tú aṣọ ìnujú rẹ̀, ó yọ òòlù igi kan tí kò gùn ju ìka lọ.

"Irú òòlù yìí ló ń lu wáyà nínú dùùrù, Bàbá. Kòkòrò ti jẹ aṣọ onírun àgùntàn tó wà lórí wọn tán. Méjìdínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n."

Dùùrù yìí nìkan ló kù tó ṣeé lò lọ́dọ̀ wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, olùdánwò kan ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan yóò sì lù ú níwájú rẹ̀ kó tó lè gboyè. Ìyanṣẹ́lódì àti títì tí ìjọba ń ti ilé ẹ̀kọ́ pa ti jẹ ọdún méjì mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ ti ní bí èyí bá tún yẹ̀, kó máa bọ̀ nílé wá kọ́ṣẹ́ ọwọ́.

"Irun àgùntàn kẹ̀?" ni mo wí. "Èyí tó nípọn tí a fi ń wé ọ̀pá ẹ̀rọ, àjákù rẹ̀ kún ẹ̀yìnkùlé wa."

"Ẹ ṣeun, sà. Ó ku ohun kan, àwọn òòlù náà..."

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹnu yín ni yóò gé e ni, àbí ọwọ́ mi? Ẹ fi àpẹẹrẹ yìí sílẹ̀, ẹ máa lọ."

Ó gbé òòlù náà lé mi lọ́wọ́, ó lọ. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ilé ni.

Ní ilé iṣẹ́ wa, ohun tí kò bá bá èkejì rẹ̀ dọ́gba, ìdí ààtàn ló ń lọ. Mo gé aṣọ méjìdínláàádọ́rùn-ún, mo wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó fi fọ́nrán irun ju èkejì rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, àfi bí ẹni pé ìyá kan ló bí wọn!" N kò rán ẹnikẹ́ni. Èmi fúnra mi wọkọ̀ l'Ágége, nítorí mo fẹ́ fojú ara mi rí ìdùnnú wọn.

Ọ̀nà ọ̀dà tán, ọ̀nà pupa bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ náà wà láàárín oko kòkó, ilé rẹ̀ lé díẹ̀ ní ogún. Ẹnì kan ń kọ ẹsẹ orin kan ṣoṣo ní àkọtúnkọ lẹ́yìn kíláàsì, ẹlòmíràn ń fọn fèrè lábẹ́ igi, àwọn ewúrẹ́ kò tilẹ̀ wò wọ́n. A fi àtè lẹ aṣọ mọ́ òòlù. Nígbà tí ó gbẹ, ọmọbìnrin náà jókòó, ó tẹ̀ ẹ́ láti òsì dé ọ̀tún. Lápá òsì, níbi tó yẹ kí ohùn ti bú bí àrá, aláìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Lápá ọ̀tún, níbi tó yẹ kó ti dún bí agogo, gìdì, gìdì, bí ọmọ odó lórí ẹní.

"Ẹ má bínú o, Bàbá," ni ó wí. "Dùùrù yìí ti da kúbùsù borí."

Olùkọ́ rẹ̀ fẹ́ bá a wí, ẹ̀rín kò jẹ́. Ọmọ náà wá fi wáyà inú rẹ̀ hàn mí: tòsì ki bí okùn ìfami, tọ̀tún tín-ín-rín bí òwú. Òòlù ńlá ni ti ọ̀kan, òòlù kékeré ni ti èkejì. "Ìka ọwọ́ gan-an kò dọ́gba, Bàbá. Ẹ wá sọ òòlù di ìbejì!"

Mo yíjú sí olùkọ́. "Ohun tí ẹ fẹ́ sọ n'Íkẹjà nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé tí ẹ kò pariwo?"

"Ta ni yóò pariwo lé yín lórí?"

Ó ku ọjọ́ méjì kí olùdánwò dé. Mo bọ́ agbádá, mo béèrè abẹ. Ọmọ náà ń tẹ̀ ẹ́, ó ń dẹtí, ó ń ní, "Díẹ̀ sí i." Mo ń fá a. "Ó tó, Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́." Lápá òsì, mo ń lẹ aṣọ lé aṣọ. Èmi tí n kò gba nǹkan kan gbọ́ bí kò ṣe rúlà ni mò ń tẹ̀lé etí ọmọ tí àkọ́bí mi jù lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a parí, mo fá òòlù kan lápá ọ̀tún títí igi fi yọ, tí ó wá ń dún bí irin lu irin, àjákù aṣọ sì ti tán.

Ní ọjọ́ ìdánwò, mo jókòó sábẹ́ fèrèsé. N kò mọ orúkọ orin náà, àwọn òòlù mi ni mò ń gbọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kan èyí tí mo bàjẹ́, ọmọ náà fọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kàn án, bí ẹni tó ń ré ọmọ tó sùn kọjá. Ohùn irin náà kò yọ.

Ó jáde, òógùn bò ó. "Bàbá, ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ. Ìwọ ni o kò jẹ́ kí àlejò gbọ́ ọ."

Olùkọ́ jáde tẹ̀lé e, ó ní ó ti yege. Ọmọ náà kúnlẹ̀ síwájú mi. Mo ní, "Dìde, ìyá mi. Èmi kọ́ ni wàá kúnlẹ̀ fún. Lọ kọ lẹ́tà sílé, kí wọ́n má wulẹ̀ wá ibi ìkọ́ṣẹ́ kankan fún ọ mọ́." Kò dúró gbọ́ ìyókù; ó ti gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀nà pupa, ó ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́.