Àmì Kan Lábẹ́ Ẹ̀mí

"Mí sí i," ni Bàbá wí, ẹsẹ̀ wọn kò sì dúró lórí irin tí wọ́n ń tẹ̀.

Mo tẹ orí ba, mo ṣu ẹnu jọ, mo mí sí ojú ilà náà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú pákó tó ti bo ilà pẹ́ńsù mọ́lẹ̀ gbéra, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá, ilà sì tún yọ dúdú níwájú ayùn. Ayùn náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, kìrì-kìrì, kìrì-kìrì. Bí Bàbá bá ti gé e tó ìwọ̀n ìka kan, lẹ́búlẹ́bú á tún ti dí ọ̀nà, wọ́n á sì tún ní, "Mí sí i."

Bàbá tó bí ìyá mi ni. Iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ń ṣe ní abúlé wa lẹ́bàá Akanran, lọ́dọ̀ wọn ni mo sì ti ń lọ ilé ìwé. Ẹ̀rọ ayùn yẹn dà bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀, òun ni wọ́n fi ń gé òdòdó àti lẹ́tà sára pákó. Ṣùgbọ́n eruku pákó tí wọ́n ti fà símú láti ìgbà èwe ti gba èémí wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ atẹ́gùn lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì péré, ikọ́ á gbé wọn. Ìjọ Aládùúrà ni wá, a kì í lo oògùn nílé wa, omi àdúrà ni Bàbá máa ń mu sí i. Nítorí náà, èmi ni mò ń mí fún wọn.

"Fífẹ́ ni ti iná ìdáná," ni wọ́n máa ń wí. "Ti pákó, mímí ni. Má sì fọwọ́ nù ún láé. Ọwọ́ a máa jí ilà gbé."

Àbí ẹ ò rí nǹkan! Èmi tí ìdí mi kì í gbélẹ̀ ni wọ́n wá fi iṣẹ́ sùúrù lé lọ́wọ́. Ìyá àgbà ní ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni ìjàlọ ti wọ̀ mí lẹ́sẹ̀. Bí mo bá tẹ orí ba báyìí, ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ mi á ti wà lọ́nà ẹnu ilẹ̀kùn.

Lọ́dún náà, ìjọ wa fẹ́ ṣí ilé ìsìn tuntun ní ọjọ́ Àìkú kan, Bàbá ni wọ́n sì fún ní pákó tí wọn yóò kàn mọ́ iwájú àga ìwàásù. Ọ̀rọ̀ méjì ni yóò wà lára rẹ̀: ẸMI MIMỌ. Bàbá kò mọ̀wé. Tíṣà wa ló fi pẹ́ńsù fa lẹ́tà náà sára pákó ìrókò. Bàbá á lu ihò sí inú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ki ayùn bọ̀ ọ́, wọ́n á sì gé inú rẹ̀ kúrò kí ìmọ́lẹ̀ lè máa gbabẹ̀ yọ. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ìyá àgbà pé, "Bí mo bá kú tán, pákó yẹn ni kí ẹ máa fi rántí mi."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọjọ́ náà, wọ́n ń fọ́ kòkó lẹ́yìnkùlé. Ẹni tó bá ti fa omi funfun ara kóró kòkó tútù mu rí yóò mọ ìyà tó ń jẹ mí. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ ilé, ara mi kò lélẹ̀ mọ́. Bí Bàbá ṣe dúró láti ta epo sí ẹ̀rọ, mo sáré lọ, mo fa ẹ̀kúnwọ́ kan mu, mo sáré padà. Wọ́n ti dé ìsàlẹ̀ lẹ́tà àkọ́kọ́, òun nìkan ló kù.

"Mí sí i."

Èémí mi kò tíì délẹ̀. Mo na ọwọ́, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá gbogbo lẹ́búlẹ́bú náà dànù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Omi kòkó ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó sì lẹ̀. Nígbà tí mo yí àtẹ́lẹwọ́ wò, mo rí àpá dúdú kan láàárín lẹ́búlẹ́bú. Mo wo pákó. Àmì kékeré tí Tíṣà fà sábẹ́ Ẹ ti pa rẹ́.

Mo ti wà ní ìwé kẹta, mo mọ ohun tí mo ṣe. Láìsí àmì yẹn, Ẹ̀mí ti di èmi. "Èmi mímọ́" ni pákó yóò máa wí níwájú ìjọ, bí ẹni tó dìde tó ń yin ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ̀rọ̀, Bàbá á ní kí n lọ pe Tíṣà wá láti òdìkejì odò, kòkó á sì ti tán kí n tó dé. Mo ní màá sọ ọ́ tó bá yá.

Kò yá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Bàbá fi aṣọ we pákó, wọ́n gbé e rù mí. Wọ́n ń kọrin lẹ́yìn mi bọ̀, inú wọn dùn. Mo ní màá sọ ọ́ tí a bá dé ìdí igi obì. A kọjá igi obì, mo ní kí a dé odò. A kọjá odò.

Nílé ìsìn, Tíṣà ló tú aṣọ náà. "Èmi mímọ́?" Ó kà á sókè, ẹ̀rín sì ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó lè mú un. Àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Haà, Bàbá, ẹ̀yin náà ni mímọ́ ọ̀hún?" ni ọ̀kan nínú wọn fi dá àpárá.

Bàbá wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Àmì kan ni kò sí lábẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́, sà," ni Tíṣà dáhùn. "Ẹ má bínú. Mo fà á síbẹ̀, sà."

Bàbá bọ́ awò ojú wọn, èyí tí wọ́n fi okùn so mọ́ etí. "Bí o bá fà á síbẹ̀, a jẹ́ pé ojú mi ni kò rí i."

Mo dúró síbẹ̀, mo di ọwọ́ mi ní ẹ̀ṣẹ́, mo fi í pamọ́ sẹ́yìn. Tíṣà wá ìlu, Bàbá sì lu ihò àmì náà níbẹ̀. Wọn kò ní kí n mí sí i. Wọ́n fẹ́ lẹ́búlẹ́bú náà dànù fúnra wọn, ikọ́ gbé wọn títí omi fi jáde lójú wọn.

Ọjọ́ Àìkú lọ dáadáa. Àwọn àlejò láti Ìbàdàn yin pákó náà. Nígbà tí a délé, mo bá Bàbá níbi tí wọ́n ti ń fi aṣọ àlòkù di ẹ̀rọ ayùn.

"Ó tó gẹ́ẹ́," ni wọ́n wí. "Ẹni tí kò rí àmì mọ́ kò gbọdọ̀ gé lẹ́tà."

"Bàbá, ẹ má dì í! Kì í ṣe ojú yín. Èmi ni mo fọwọ́ nù ún. Ọwọ́ mi ló jí i gbé." Ẹkún gbọ̀n mí.

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. "Ta ló kọ́ ẹ ní irú àánú báyìí, ọmọ mi?"

"Òótọ́ ni mo sọ, Bàbá!"

"Mo gbọ́. O ṣeun." Wọ́n so okùn náà ní kókó.

Kí oòrùn tó wọ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ń fi mí yangàn fún ìyá àgbà. "Ó fẹ́ bá mi ru ẹ̀bi. Ọmọ yẹn ní ìwà." Ìbá sàn kí wọ́n nà mí. Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà, ni àwọn àgbà wí. Tèmi ti pẹ́ jù lọ́nà ni, ọjà ti tú kó tó dé.

Bàbá kò tún tẹ ẹ̀rọ yẹn mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé bá wọn. Mo ti dàgbà, ìdí mi kò tíì gbélẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ọmọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá ṣẹ̀ wọ́n, lẹ́nu ọ̀nà ni mo ti ń tọrọ àforíjì, n kì í dúró bọ́ bàtà. Wọn kò mọ ibi tó ti wá.

Pákó náà ṣì wà níwájú àga ìwàásù. Mo máa ń lọ síbẹ̀ nígbà ìkórè. Àmì tó wà lábẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ wọ́ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ń gbabẹ̀ yọ. Gbogbo ìjọ ń kà á, Ẹ̀mí ni wọ́n ń rí. Èmi nìkan ni mo ṣì ń rí èmi níbẹ̀.