Etí Tútù Lórí Ikùn Mi

"Ẹ dákẹ́, Onílé ń sọ̀rọ̀."

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Màmá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti gbé etí lé mi níkùn níbi tí mo nà sí lórí ẹní. Etí náà tutù bí omi àmù. Ọ̀sán gangan ni, ní ìlú Ọ̀jọ́, síbẹ̀ n kò gbọ́ nǹkan kan àfi omi ọ̀sà tó ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi lẹ́yìn ilé, àti ìfun mi tó ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Mo ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ nígbà náà. Yóò lọ, yóò tún dé. Mo rù débi pé àwọn aládùúgbò ò lè wo ìyá mi lójú mọ́. Dókítà fún wa lóògùn, màmá àgbà sì gba ọ̀rọ̀ oúnjẹ mọ́ra. Wọ́n gba ata, ẹ̀wà àti àgbọn kúrò lẹ́nu mi, ó wá ku ẹ̀kọ mímu. Bí ara bá fúyẹ́, wọ́n á fi oúnjẹ kan ṣoṣo kún un. Kí n tó tọ́ ọ wò, wọ́n á gbé àwo náà sí ẹ̀gbẹ́ ikùn mi, wọ́n á júwe rẹ̀:

"Onílé, iṣu sísè rèé o. Àlejò ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wọlé."

Lẹ́yìn ìyẹn, a ó máa dúró. Ẹ̀rù ń bà mí, torí n kò gbọ́ kí màmá àgbà fi "ẹ" bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ nínú agbo ilé wa rí.

"Màmá, ta ni Onílé?"

"Èmi náà ní tèmi." Wọ́n fa ọwọ́ mi lé ikùn wọn. Nǹkan kan yíra padà níbẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo já ọwọ́ mi gbà.

Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kún díẹ̀, inú ìyá mi dùn jù. Wọ́n ti ìlú Ìbà gbé ẹja aláta dé, mo sì jẹ ẹ́ tán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni júwe rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀jẹ̀ ti dé. Ìyá mi bú sẹ́kún. Màmá àgbà ò bá wọn jà, wọ́n kàn gbé ìkòkò ẹ̀kọ padà sórí iná.

"Ẹ má bínú, Onílé. Ayọ̀ ló pa wá." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. A ó tún bẹ̀rẹ̀."

A tún bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, a sì tún tún un bẹ̀rẹ̀, títí mo fi lókun.

Mo ti di ọmọge kí màmá àgbà tó kú. Níbi sàráà wọn, àwọn ará ilé bu ẹran aláta fún mi, wọ́n ní ara mi ti le. Bí mo ṣe gbé e dé ẹnu ni etí tútù kan sọ̀ kalẹ̀ sórí ikùn mi, níbi tó máa ń wà gan-an. Gbogbo èèyàn ń jẹun lọ. Mo rọra gbé ẹran náà sílẹ̀, mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹ̀kọ.

Mo ti darúgbó báyìí. Àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń júwe oúnjẹ fún ikùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ń mú àlejò kọ̀ọ̀kan wọlé, mo sì ń dúró. Ìgbà mìíràn, ó máa ń pẹ́ kí etí náà tó kúrò.