Ìyá Mi Kọ̀, Kò Dùbúlẹ̀

Gbogbo Kambolé, ìlú wa, ló mọ̀ pé jẹjẹrẹ mú ìyá mi lọ́mú. Ó ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní Lomé, kókó náà sì ti ń rọ̀, kó tó di pé èémí ń ṣe é. Bó bá forí kanlẹ̀ lórí ìrun, ńṣe ló ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ń rì sómi, ló bá kúkú ń jókòó kírun. Àwọn ará ilé ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, a tẹ́ ẹní fún un sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń kó iṣu, bí a ṣe máa ń gbé aláìsàn. A ò tíì dé Tchamba tó ti dìde jókòó. Ó ní bí mo bá tún tẹ́ òun sílẹ̀, òun á bọ́ọ́lẹ̀ fẹsẹ̀ rìn.

Nílé ìwòsàn ní Sokodé, nọ́ọ̀sì tó ń gba aláìsàn pàjáwìrì ṣí karné rẹ̀, ìwé ìtọ́jú tó ní òǹtẹ̀ ìjọba. Ó rí *cancer*, ó pa á dé. Ó fi Faransé sọ fún mi pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe, kó dùbúlẹ̀ sinmi, kí n wá ọkọ̀ tí yóò gbé e padà sílé. Mo ti dárí ji ọ̀pọ̀ èèyàn láyé mi. Nọ́ọ̀sì yẹn kò sí lára wọn.

Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún ìyá mi.

“Sọ fún un pé ọmú ni jẹjẹrẹ wà. Ṣé ọmú ni mo fi ń mí? Mi ò dùbúlẹ̀. Kó pe ẹni tó jù ú lọ.”

Láyé ìgbà yẹn, a kì í bá ẹni tó wọ aṣọ ìjọba jiyàn. Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n ìyá mi di irin bẹ́ẹ̀dì mú, èmi náà sì figbe ta títí dókítà fi jáde. Ó béèrè ìdí tí kò fi fẹ́ dùbúlẹ̀. Mo sọ ti ìrun fún un. Ó fi ẹ̀rọ etí gbọ́ àyà rẹ̀, ó pẹ́ lórí rẹ̀, ó ní ọkàn rẹ̀ ni kò lágbára mọ́, omi sì ti kún ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oògùn jẹjẹrẹ ló fà á. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa rí.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún un fa omi náà jáde. Lọ́jọ́ tí a máa lọ, ó ní kí n ka karné fún òun. *Cancer* wà lókè gàdàgbà, ọ̀rọ̀ ọkàn há sísàlẹ̀.

“Kọ ti ọkàn sókè.”

“Ìyá, ìwé ìjọba ni.”

“Ara tèmi ni.”

Mo fa bíìkì ìkọ̀wé mi yọ, mo kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì la tún sáré gbé e lọ síbẹ̀ kó tó kú. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, àyà rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́.