Títí Nàìjíríà Yóò Fi Jókòó

Orí ẹní ni gbogbo wa ń sùn ní Dichemso, nílùú Kumasi, bẹ́ẹ̀ bàbá mi kì í ṣe aláìní. Ṣọ́ọ̀bù ohun èlò kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ń tà. Ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó ń lọ sílé kì í kan bẹ́ẹ̀dì sílùú onílùú: àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ọ̀pọ̀ Yorùbá Kumasi ló ń gbé bẹ́ẹ̀, ilé alájà wà nílé, ẹní wà níbí.

Nígbà tí Rọ́ṣíà fọ́ sí wẹ́wẹ́, díẹ̀ ló kù kí bàbá mi jó. Ó ní ayé tí alágbára méjì pín mọ́wọ́ ti parí, àwọn mìíràn yóò fa àga sún mọ́ tábìlì, ta ni yóò sì jókòó fún aláwọ̀ dúdú bí kò ṣe Nàìjíríà? Ṣé kì í ṣe sójà wa ló ń parí ìjà Làìbéríà? Lẹ́yìn ìsìn, ọ̀rọ̀ yìí náà ni òun àti àwọn Yorùbá yòókù ń sọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: "Lọ́jọ́ tí Nàìjíríà bá jókòó, a ó di ẹrù wa."

Onílé wa, ará Àṣáńtì, a máa fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́: "Nigeria deɛ, sika wɔ hɔ, nanso kanea nni hɔ." Owó wà, iná ò sí. Bàbá á rẹ́rìn-ín, á tún yí rédíò sókè.

Ìyá mi kì í rẹ́rìn-ín. Kò tíì fojú kan ìyá tirẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. "Baba wọn, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ilé ni mo fẹ́, mi ò bèèrè àga." Èmi tí n kò dé ilé náà rí, àárò rẹ̀ ń sọ mí; mo gbàdúrà fún àga yẹn ju bí mo ṣe gbàdúrà fún ìdánwò mi lọ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìbò nílé, tí ìjọba sì wọ́gi lé e. Bàbá pa rédíò. Ó lọ bá káfíńtà ní Anloga Junction, wọ́n sì gbé bẹ́ẹ̀dì ìrókò ńlá kan wálé.

Mo rò pé inú ìyá mi yóò dùn. Ẹkún ló bú sí. "Ṣé a ò wá lọ mọ́ nìyẹn?"

Bàbá ń wọn ẹnu ọ̀nà.

Ọdún yẹn ò parí tí ìròyìn fi dé pé ìyá ìyá mi ti kú. Bàbá ní kó múra, kó máa lọ lọ́la.

Ìyá mi yíjú sí i. "Ta ni mo fẹ́ lọ kí?"