Òpó Èbúté Tí Iná Kò Rí Jó

Ẹni tó bá ti wọkọ̀ ojú omi láti Kétu lọ sí Agbóyì rí, kò lè ṣàì mọ Tàwàkálítù. Bàbá rẹ̀ ló fi ọkọ̀ kan sílẹ̀ fún un nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní kó tà á, kó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ó gbọ́ tiwọn tán, ó sì tú okùn ọkọ̀. Ó ti di ọdún méjìdínlógójì báyìí tó ti ń tukọ̀ náà.

Ẹnu bàbá rẹ̀ kan náà ló ti gbọ́ ìtàn èbúté Agbóyì tí wọ́n ń gbé. Ó mọ ìdílé tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ó mọ̀ nípa ayé ìgbà tí ọkọ̀ ń kó igi àti ẹja gbígbẹ gba orí odò Ògùn, tí wọ́n sì ri àwọn òpó ńláńlá mọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ lè rí ibi so mọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò rí òpó kankan rí. Pákó ni wọ́n tò bo gbogbo ibẹ̀ kí wọ́n tó bí i.

Ọ̀sán Jímọ̀ kan nínú ọyẹ́ ni iná sọ. Inú ahéré tí wọ́n ń kó kẹ́ẹ̀gì epo ẹ́ńjìnnì sí ló ti bẹ̀rẹ̀, atẹ́gùn sì gbé e lé àwọn ilé pákó. Tàwàkálítù ń ti Kétu bọ̀ pẹ̀lú èrò mẹ́fà. Ó já wọn síbi tí iná kò dé, ó sì kọjú ọkọ̀ sínú èéfín. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló lọ tó bọ̀, tó ń kó arúgbó, aboyún àti ọmọdé. Ojú rẹ̀ ni òrùlé tirẹ̀ ṣe wó; kò dúró wò ó. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n ilé tó jóná lé ní ọgọ́rin, èbúté di eérú, iná sì bó apá òsì rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn ọkùnrin ilé iṣẹ́ kan dé. Ọ̀gá wọn, Rótìmí, ní àwọn ti ra etí omi náà, pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, wọn ò sì níwèé. Ìwé tí àwọn ará èbúté ní ti bá iná lọ. Ọ̀pọ̀ ti ń kẹ́rù lọ sọ́dọ̀ ẹbí ní Ajégúnlẹ̀. Aliyah, ọmọ Tàwàkálítù tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìkòsí, wá mú ìyá rẹ̀.

“Mummy, ẹ jẹ́ ká lọ. Kí ló kù níbí?”

“Èmi ló kù níbí.”

Ó ta tapólì sórí eérú, ó sì ń fi ọwọ́ kan tukọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí omi fà gidi, ó rí àwọn òpó dúdú tó tò lẹ́sẹẹsẹ nínú ẹrẹ̀. Orí wọn nìkan ló jó. Mẹ́tàlélógún ni. Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí iná ti jó.

Lẹ́yìn náà, ó lọ pe Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé, awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ní Kétu. Ọkùnrin náà wá wọn àwọn òpó náà, ó ya fọ́tò wọn, ó ní wọ́n ti wà nínú ẹrẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá òun.

Nígbà tí Rótìmí padà wá, Tàwàkálítù mú un dé etí omi. Ó ní, “Ẹ ní a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ fa ọ̀kan yọ.”

Rótìmí wo ẹrẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀, ó padà sínú ọkọ̀ tó gbé e wá.

Ilé iṣẹ́ náà gba kóòtù lọ. Ogójì ilé ti dìde padà, wọ́n sì ti kan pákó tuntun mọ́ àwọn òpó àtijọ́. Lọ́yà tó ń gbèjà àwọn ará èbúté sọ pé ẹjọ́ náà lè gba ọdún mẹ́wàá. Tàwàkálítù ní kò burú, òun ò ṣáà níbi tí òun ń lọ.