Ẹ̀bà Ọwọ́ Òsì

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ò lórúkọ lédè wa. Tí mo bá dárúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, occupational therapy, àwọn èèyàn á ní, "Ah, physio!" Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kan ní Lẹ́kkí Phase 1 tiẹ̀ gbọ́ "occupation" rí, ó kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fún mi, pé kí n bá òun wáṣẹ́ tó dáa. Mo ṣàlàyé títí, ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi. Bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó le níbẹ̀: tí àìsàn bá gba ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ èèyàn, èmi ni mo ń kọ́ ọ bí yóò ṣe tún máa wẹ̀, táá máa wọṣọ, táá máa dáná fúnra rẹ̀. Ẹ wá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá sáàárín àwa Yorùbá, níbi tí ọmọ tó jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fọ abọ́ ti di ọmọ burúkú. Wàhálà dé nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ń tú ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Ẹ̀pẹ́ ṣe, mò ń tọ́jú màmá kan ní Phase 1. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún wọn, ọmọ wọn ọkùnrin sì gbé wọn kúrò nílé wọn ní Ajah wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni Màmá ń fẹ́ láyé: kí wọ́n padà sílé. Ilé oníyàrá mẹ́ta tí àwọn àti ọkọ wọn tó ti dolóògbé jọ kọ́ ni. Igi àgbọn méjì wà níwájú rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì sì máa ń yà kí wọn nírọ̀lẹ́. Ọmọ ní tí Màmá bá lè ṣe nǹkan fúnra wọn, òun á dá wọn padà. Èmi ni kí n ṣe àyẹ̀wò, kí n sì kọ ìwé.

Ìlú òyìnbó ni iléeṣẹ́ wa ti kó fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò wá. Ó ní kí aláìsàn po tíì. Màmá wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìgbà wo ni mo po tíì rí? Ṣé torí mo ṣàìsàn ni mo ṣe di òyìnbó?"

Wọ́n ṣáà dìde. Bí wọ́n ṣe na ọwọ́ sí ife báyìí, ìyàwó ọmọ wọn ti fò dìde: "Haa, Màmá, ẹ jókòó jàre! Kí làwa wà fún?" Ó gba ife. Ọmọ ọ̀dọ̀ gba ṣíbí. Kúùkù gba ṣúgà. Èèyàn mẹ́ta ló po tíì kan ṣoṣo, Màmá sì jókòó bí olorì tó wà lẹ́wọ̀n. Fọ́ọ̀mù ní, ṣé aláìsàn ṣe é fúnra rẹ̀? Mo kọ rárá. Òótọ́ ni, irọ́ sì ni.

Ti ọwọ́ òsì tún le jù ú lọ. Òun nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́, Màmá ò sì fẹ́ gbọ́ ọ sétí. "Kí n máa fi ọwọ́ òsì gbé nǹkan fún èèyàn? Ọmọ yìí, ta ló tọ́ ẹ?" Mo bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó gbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi gbé omi fún ọmọ wọn, ṣe ló wò mí bíi pé mo kọ́ ìyá rẹ̀ lólè jíjà. Ó ní, "Àǹtí physio, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà mí ní màmá jẹ́." Mo kàn rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀. "Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé wọn ò lè dá gbé. Kí làwọn èèyàn á máa wí? Pé èmi wà ní Phase 1, ìyá mi ń dá tẹ̀bà ní Ajah? Ẹ ṣáà kọ ọ́ dáadáa."

Dáadáa tó ń wí yé mi. Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n ní aláìsàn ni ọ̀gá wa. Wọn ò sọ fún wa pé ọmọ aláìsàn lè jẹ́ ọ̀rẹ́ ọ̀gá iléeṣẹ́, tí ọ̀gá náà á sì pè mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí n mọ ojú ayé, kí n kọ ohun tí ọmọ ń fẹ́. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì dídùn kọ ọ́, ààbò lọ́tùn-ún, ìtọ́jú tó péye lósì, kò sì síbi tí mo ti kọ ọ́ gbangba pé Màmá ò gbọdọ̀ lọ sílé mọ́.

Nígbà tí mo gbé ìwé náà lọ, gbogbo ilé ti jáde, Màmá nìkan ni mo bá, nínú ilé ìdáná. Wọ́n ti fi ìró àtijọ́ ká òṣùká, wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n sì gbé abọ́ jókòó sórí ẹ̀ kó má baà yí. Rọ́bà ìdúró-abọ́ tí mo rà fún wọn láti òkè òkun wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n fi ọwọ́ òsì di orógùn mú, wọ́n ń tẹ̀bà. Ẹ̀bà náà ń dán, kò ní kókó kan.

"Ìwé wo nìyẹn? Kà á fún mi."

"Gẹ̀ẹ́sì ni, Mà."

"Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá ẹ fi bí ẹ ni? Kà á ní Yorùbá."

Mo lanu. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì dídùn yẹn bọ́ṣọ sílẹ̀ lẹ́nu mi. Ohun tó kù ò ju èyí lọ: "Màmá yìí ò lè ṣe nǹkan kan fúnra wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n padà sílé wọn."

Màmá ṣí ìkòkò. Wọ́n bu ọbẹ̀ ilá, wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé abọ́ náà síwájú mi.

"Má bínú o, ọwọ́ òsì ni. Jẹun. Ẹni tí ò lè ṣe nǹkan kan ló tẹ̀bà yẹn."

Mo jẹ ẹ́ tán, omijé ń bọ́ sínú ọbẹ̀. Mo fọwọ́, mo fa ìwé yẹn ya, mo sì kọ òmíràn lórí tábìlì náà: mo rí wọn, wọ́n tẹ̀bà, mo jẹ ẹ́, wọ́n lè lọ sílé.

Mo fi ìwé tuntun náà lé ọmọ wọn lọ́wọ́. Ọ̀gá mi gba ìtọ́jú Màmá lọ́wọ́ mi, ó gbé e fún ẹlòmíì tó mọ ojú ayé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹni yẹn gbé fọ́ọ̀mù tíì dé Phase 1, kò bá Màmá nílé. Wọ́n ti ní kí dírẹ́bà gbé àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ajah, wọn ò sì bá a padà. Fóònù mi dún lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Ọmọ yìí, sọ fún wọn, tí wọ́n bá fẹ́ yẹ̀ mí wò, ilé mi ni kí wọ́n wá. Ṣùgbọ́n mi ò ní tíì o."